Àwòrán Ilẹ̀ Wa: Iṣẹ́ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Dúró De Ọ̀la

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni: ilẹ̀ tí a bí wa sí, tí a ń jẹ nínú rẹ̀, tí a ó sì padà sí nígbẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀, òjò náà tó ìwọ̀n mìlímítà 187.5. Afárá ya, ilé wó, ọ̀nà já, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó bá omi náà lọ. Àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé pé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ti kún bo bèbè rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín òjò méjèèjì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fún ọmọ tí a bí ní ọjọ́ òjò ìṣáájú láti dàgbà, kí ó fẹ́ aya, kí ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà omi kan náà.

Ǹjẹ́ a lè wí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà omi náà? Rárá o. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa tí ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀gbìn ni, kì í ṣe ilẹ̀ ìkọ́lé. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò pàápàá ń jẹ́rìí sí odò tí ó ti ń ṣàn níbẹ̀ rí. Àkùrọ̀ ni àkùrọ̀ ń jẹ́. Bí a bá pè é ní ẹ̀sìtéètì, tí a sì kan pátákó mọ́ ọn, omi kò mọ ìwé kà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó ká wa lára. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà gan-an, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí òjò náà tó rọ̀ ní Ìbàdàn, ni a ti ìlú Yasny ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ta sátẹ́láìtì NigeriaSat-2 sí òfuurufú, òun pẹ̀lú èkejì rẹ̀, NigeriaSat-X, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni kí wọ́n máa ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. A kò wí pé sátẹ́láìtì lè dá òjò dúró; wọn kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Ohun tí a ń wí ni pé orílẹ̀-èdè tí ó ní ojú ní òkè, tí ó sì ní àgbà tí ó mọ orúkọ gbogbo odò ní ìsàlẹ̀, kò tíì mú àwọn méjèèjì jókòó ti tábìlì kan. Nínú àìjókòópọ̀ yìí ni òfò wa ti ń wá.

Ọgbọ́n tí ó lè mú wọn jókòó pọ̀ wà. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní GIS. Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe ṣe àlàyé rẹ̀. Bí a bá ya gbogbo odò ìlú kan sí orí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lè rí òdìkejì rẹ̀, tí a ya ilé sí orí èkejì, ọ̀nà sí orí ẹ̀kẹta, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn sí orí ẹ̀kẹrin, tí a sì tò wọ́n lé ara wọn kí igun bá igun mu, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni a ó rí ilé tí ó dí omi lọ́nà, abúlé tí kò ní ọ̀nà, àti ọmọ tí ó ń rin ìrìn wákàtí kan kí ó tó dé ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ̀nyí. Ó mọ ojú ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé, a sì lè bi í léèrè pé, ilé mélòó ni kò jìnnà ju ọgbọ̀n mítà lọ sí odò yìí? Yóò kà wọ́n, yóò sì tọ́ka sí wọn.

Ọgbọ́n náà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọdún 1854, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa àwọn ará Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, oníṣègùn kan, John Snow, wádìí ilé tí àwọn òkú ti jáde, ó sì rí i pé wọ́n yí ẹ̀rọ omi kan tí ó wà ní Broad Street ká. Ó rọ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Àwòrán tí ó yà lẹ́yìn náà, tí ó fi àmì ikú àti àmì ẹ̀rọ omi sí ojú ìwé kan ṣoṣo, ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní ẹ̀kọ́ títí di òní. Ní àwọn ọdún 1960 ni Roger Tomlinson ní ilẹ̀ Kánádà wá fi irú iṣẹ́ yìí lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, nítorí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ mọ ilẹ̀ tí ó yẹ fún oko, èyí tí ó yẹ fún igbó, àti èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ẹranko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì ni èyí. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Jóṣúà yóò rántí pé nígbà tí ó ku ẹ̀yà méje tí kò tíì gba ìní wọn, Jóṣúà kò jókòó sí inú àgọ́ kí ó máa pín ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n yan ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ìlú-ìlú, kí a tó ṣẹ́ kèké. Ìrìn ni ó kọ́kọ́ wá, ìwé tẹ̀lé e, ìpín ni ó kẹ́yìn. Lónìí, ìpín ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba tiwa náà kò ṣe aláìmọ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti odi tí a ń pè ní Erédò Sùngbọ́ yí ilẹ̀ ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tí ó ga tó ogún mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Àwọn tí ó gbẹ́ ẹ kò ní ìwé, ṣùgbọ́n kò sí bí wọn ìbá ti gbẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yí igbó àti irà ká bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ní àwòrán ilẹ̀ náà ní orí wọn. Síbẹ̀, ó di àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan láti òkè òkun, Patrick Darling, rìn ín tí ó sì wọ̀n ọ́n, kí òkìkí rẹ̀ tó kàn ká ayé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí oko lójoojúmọ́.

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yìí ti ṣe ní orílẹ̀-èdè tiwa. Ní apá Àríwá, àwọn tí ń fún ọmọdé ní oògùn àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ a máa lo àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, ọ̀pọ̀ abúlé kéékèèké kò sì sí nínú rẹ̀. Abúlé tí kò sí nínú ìwé, oògùn kì í dé ibẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àwọn abúlé wọ̀nyí rí, tí a sì ń tọ ipasẹ̀ àwọn olóògùn kí a lè mọ ilé tí wọn kò dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kòkòrò àrùn náà tí ń jà ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ayébáyé ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nàìjíríà ni ó sì ṣe ìkẹyìn nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ ìbá ti mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí kòkó ṣe fún ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé. Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí ojú ibi tí oko rẹ̀ wà dání, àti pé oko náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó tí a pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìsúnsíwájú ṣe ìtùnú. Àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè tàbí ní Oǹdó, tí baba baba rẹ̀ ti gbin kòkó sí ilẹ̀ kan náà, lè rí i ní ọjọ́ kan pé òun kò ní ẹ̀rí, nítorí pé oko òun kò sí lórí àwòrán kankan. Kì í ṣe pé ó pa igbó. Ìwé ni kò ní. Ta ni yóò ṣe ìwé náà fún un bí kò ṣe àwa tí a mọ̀wé?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ igbó rí. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti jẹ́ igbó ọba láti ọdún 1925; ní ọdún 1977 ni a kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àwòrán rẹ̀ láti òkè ní ọdọọdún yóò rí bí oko àti ayùn àwọn agégẹdú ti ń jẹ ẹ́ láti etí wá sí àárín. Olùṣọ́ igbó lè dákẹ́. Sátẹ́láìtì kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

A kò sì lè wí pé ilé ẹ̀kọ́ kò sí. Láti ọdún 1972 ni ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ilẹ̀ ti wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọgbà Yunifásítì. RECTAS ni a fi ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. AFRIGIST ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ń wá sí Ifẹ̀ wá kọ́ ọgbọ́n yìí, wọ́n sì ń gbé e padà lọ sí ilé wọn. Ìlú mélòó nínú ìlú tiwa ni ó ti rán ọmọ kan ṣoṣo lọ? Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ìkún omi 2011, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 2014 Báǹkì Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìyáwó igba mílíọ̀nù dọ́là láti tún odò àti afárá ìlú náà ṣe, àti láti ya àwòrán ibi tí omi lè dé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ikú ni ó ṣáájú àwòrán, gbèsè sì ni a fi rà á.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò wí pé, bí a bá ya ilẹ̀ wa tán, ṣé kì í ṣe owó orí ni yóò tẹ̀ lé e? Ṣé kì í ṣe ìjọba ni yóò wá gbà á? Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fi ilà ya ilẹ̀ tí wọn kò rìn. Ilà náà ni ó sọ Kétu di ará ilẹ̀ kan, tí ó sọ àwọn ìbátan rẹ̀ ní ìhà ìhín di ará ilẹ̀ mìíràn. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀? Àwòrán kọ́ ni ó pa Kétu lára, bí kò ṣe pé àwọn ẹlòmíràn ni ó yà á, tí Alákétu kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti ya ilẹ̀ rẹ̀ kò dá àwòrán dúró. Ó kàn fi gègé lé àlejò lọ́wọ́ ni.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ ààlà a máa dá ìjà sílẹ̀. Òótọ́ ni, a ti rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn nítorí rẹ̀ láàárín àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà ni a kò fi dábàá pé kí a fi ààlà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi odò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdílé tí ó lè bá ìdílé kejì jà nítorí pé odò kan ń ṣàn láti ìhín lọ sí ọ̀hún. Bí a bá ti kọ́ láti jùmọ̀ ya odò, kànga, ọjà, ilé ìwé àti igbó òrìṣà, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ wa ti balẹ̀ kí a tó kan ibi tí pèrègún wà.

A sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan fún àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ jù. Sátẹ́láìtì ń rí òrùlé, kò rí orúkọ. Ó ń rí omi ní ọjọ́ tí omi wà. Kò mọ̀ pé odò tí ó gbẹ yìí a máa padà wá ní ọdún tí òjò bá pọ̀. Àgbà ni ó mọ èyí. Bí a bá fi irọ́ bọ́ kọ̀ǹpútà, irọ́ tí a kùn ní ọ̀dà ni yóò pọ̀ jáde. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí a ti ń ṣiṣẹ́, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ orúkọ odò tí ó sún mọ́ ilé wọn jù lọ. Àwọn tí ó lè kọ ọ́ kò tó nǹkan. Àwọn yòókù kọ 'gọ́tà'. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ wa. A kò bá wọn wí, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orúkọ odò bá kú ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí da pàǹtí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn pàǹtí ni a ó kọ́ ilé lé e. Lẹ́yìn ilé ni a ó máa sunkún.

Ẹ̀yin Ìjòyè wa, ẹ dárí jì wá bí a bá sọ̀rọ̀ láìfi bò. Àwòrán kì í fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú àkùrọ̀ tí ó di ilé lónìí, olórí ẹbí ni ó tà á, Baálẹ̀ sì mọ̀ sí i. Àwòrán tí ó dára jù lọ ní ayé kò lè gba ìlú tí àwọn olórí rẹ̀ bá wò ó tán, tí wọ́n sì tún ta ojú odò. Nítorí náà iṣẹ́ tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan gbé yẹ̀wò ní ìpàdé rẹ̀ tí ń bọ̀.

Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta bí ti Jóṣúà: àgbà kan tí ó mọ ilẹ̀, olùkọ́ kan tí ó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, àti ọ̀dọ́ kan tí ó ní fóònù tí ó lè fi ojú ibi tí ó dúró hàn. Kí wọ́n rin odò ìlú wọn láti orísun dé ibi tí ó ti wọ odò ńlá, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí omi rẹ̀ ti dé rí, àti ọdún tí ó dé ibẹ̀.

Èkejì, kí a fi ohun tí wọ́n bá kọ sí ibi tí gbogbo ènìyàn lè rí i. Owó kọ́ ni yóò dí wa lọ́wọ́. OpenStreetMap, àwòrán ayé tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kún, ti wà láti ọdún 2004, QGIS tí a fi ń to àwòrán lé ara wọn sì wà ní ọ̀fẹ́. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò rìn.

Ẹ̀kẹta, kí Ọba àti Ìjòyè ìlú kọ̀ọ̀kan fi ẹnu kò pé a kì yóò fi ọwọ́ sí títa ilẹ̀ kankan láìkọ́kọ́ wo àwòrán odò náà. Kí a kan ẹ̀dà rẹ̀ kan mọ́ ògiri ààfin, ní ibi tí ọmọ ilé ìwé pàápàá lè dé.

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, nítorí ó bẹ̀rù pé ìtàn náà yóò bá àwọn àgbà lọ sí ibojì. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, kò sì dé ọwọ́ òǹkàwé títí di ọdún 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, kí ni ìbá kù? Ìtàn àwọn ọba wa ni wọ́n gbà là. Ìtàn ilẹ̀ tí àwọn ọba náà jọba lé lórí ṣì wà ní ẹnu àwọn arúgbó díẹ̀, wọ́n sì ń dín kù ní ọdọọdún.

Òjò ọdún yìí yóò rọ̀, ti ọdún tí ń bọ̀ yóò sì rọ̀. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ó jẹ́ àwa ni a ó gbàgbé.